Pẹ́ńṣọ̀n ẹ wà lọ́wọ́ ibi tó ò ń ṣiṣẹ́

Tí èèyàn bá ríṣẹ́ sí kọ́ńpìnì kan lápá Interchange ní Ṣágámù, gbogbo wa la máa bi í pé "eélòó ni wọ́n fẹ́ máa san?" Ó tán. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbẹ̀, àbí orúkọ ta ló wà lórí létà tí wọ́n fún ẹ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n wà.

Òfin pẹ́ńṣọ̀n 2014 ní ilé iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, dandan ni. Ọ̀gá á san ìdá 10 nínú 100 owó oṣù, òṣìṣẹ́ á san 8, kówó náà sì ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti sanwó oṣù. Tẹ́ ẹ ò bá wá tó 15 ńkọ́? Ó kù sọ́wọ́ ọ̀gá nìyẹn. Mi ò dá ọlọ́ṣọ́ọ̀bù kékeré lẹ́bi o, ẹni tó ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀ kiri Ìjẹ̀bú-Òde, níbo ló ti fẹ́ rí ìdá 10?

Àwọn ńlá ló ń bí mi nínú jàre. Ẹni méjì dúró nídìí ẹ̀rọ kan náà, ọ̀kan jẹ́ sítáàfù, ó ti ní PIN pẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn nọ́ńbà akáńtì pẹ́ńṣọ̀n ẹ̀, ìkejì jẹ́ káṣúà tí kọntirákítọ̀ kó wá, ó lè ṣe é fún ọdún gbọọrọ kó má ní kọ́bọ̀ níbì kankan. Bi kọ́ńpìnì, wọ́n á ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, bi kọntirákítọ̀, á ní àwọn tó wà lábẹ́ òun ò tó 15, àfi bíi pé àwọn tó kó sáwọn kọ́ńpìnì yòókù kì í ṣe èèyàn!

Àwọn kan tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á yọ ìdá 8 yẹn lówó oṣù ẹ, kò ní dé ọ̀dọ̀ PFA, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó owó pẹ́ńṣọ̀n ẹ. Ẹ máa yẹ akáńtì yín wò o, òfin ní kí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ san owó ìtanràn tí ò dín ní ìdá 2 lóṣooṣù lórí gbèsè yẹn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fẹjọ́ ọ̀gá sùn nígbà tíṣẹ́ ò sí níta?

Ti àwọn tó ń ṣe tara wọn, ìjọba gbé pẹ́ńṣọ̀n kékeré (micro pension) jáde ní 2019, iye tó bá wù ẹ́ lo máa dá. Mo sọ fún màmá wa kan tó ń tajà ní Òkè-Àjé, wọ́n ní alájọ ń wá bá àwọn nídìí ọjà lójoojúmọ́, ṣé àwọn onípẹ́ńṣọ̀n náà á máa wá?