Ẹ fi ẹnu pe òbí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé ọmọ mi

Wọ́n pè mí ní olè ní ọjà Bódìjà, lójú ọmọ mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta, bí mo sì ṣe ń kọ ọ́ yìí, àyà mi ṣì ń lù kì kì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé ládùúgbò yín, èyí tí gbogbo wa ń pè ní SBMC, ẹ mọ irú ìjókòó tí mo ń sọ. Láti 2005 ni wọ́n ti ní kí gbogbo ilé ìwé ìjọba ní irú ìgbìmọ̀ yìí, kí òbí lè jókòó pẹ̀lú hẹdimáàsì, aṣojú baálẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kódà pẹ̀lú àwọn ọmọ fúnra wọn, láti fẹnu kò lórí ohun tí ilé ìwé máa ṣe. Èmi ni aṣojú àwọn obìnrin ní ilé ìwé tí ọmọ mi ń lọ n'Ìbàdàn níbí. Èlùbọ́ ni mò ń tà. Láti Ṣakí ni wọ́n ti ń kó o wá fún mi.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ dá ₦480,000 fún ilé ìwé. A pe ìpàdé láti mọ ohun tí a máa fi ṣe, a fi í sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n tẹ ìwé ìpè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi lé àwọn ọmọ lọ́wọ́ pé kí wọ́n kó o fún òbí wọn. Ilé ìwé tí ọmọ ibẹ̀ lé ní 500, òbí mẹ́rin ló wá. Àwa ìgbìmọ̀ jẹ́ méje. A dúró di aago mọ́kànlá, a wo ojú ara wa, a ní ká máa bá a lọ. A fẹnu kò pé ká mọ ògiri síwájú ilé ìwé, torí àwọn ọlọ́kadà ń gba àárín pápá kọjá nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré. Mo fọwọ́ sí i. Mo ṣì gbà pé ògiri yẹn wúlò, n kò ní purọ́.

Ọ̀rọ̀ ṣáláńgá ni kò sẹ́ni tó dá sílẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ti wó lápá kan, àwọn ọmọbìnrin kì í fẹ́ wọ̀ ọ́, wọ́n á pa á mọ́ra títí wọn á fi délé. Ọmọ kan tó wà ní ìwé kẹrin kò lè pa á mọ́ra mọ́ lọ́jọ́ kan, ó tọ̀ sára nínú kíláàsì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó sílé pé òun ò lọ mọ́. Bírìkìlà sì ń mọ ògiri lọ.

Àárọ̀ Sátidé ni ìyá rẹ̀ wá bá mi. Ìlà àwọn aláta ló ń jókòó sí, ojú wa ti mọ ara wa tipẹ́. Mò ń wọn èlùbọ́ fún oníbàárà kan lọ́wọ́, kóńgò kẹta ni mo bù. Ó dúró síwájú mi, kò kí mi.

"Ìyá Elélùbọ́, owó ṣáláńgá àwọn ọmọ wa, níbo lẹ gbé e sí?"

Mo ní kó fara balẹ̀. Ohùn rẹ̀ tún lọ sókè sí i. Ó ní a kàn fi ògiri bo ojú ayé ni, a ti jẹ ìyókù. Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í pé lé wa lórí. Oníbàárà mi rọra mú báàgì rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ, èlùbọ́ wà nínú kóńgò lọ́wọ́ mi. Mo ní, "A pè yín sí ìpàdé, ẹ ò wá. Ìwé wá sílé yín."

"Ìwé wo? Èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Ta ló kà á fún mi?"

Ẹnu mi wọhò.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, wà lórí àpò èlùbọ́ lẹ́yìn mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Nígbà tí èrò tú ká, ó bi mí, kò gbójú sókè: "Mọ́mì, ṣé ẹ jẹ owó wa ni?" Owó wa. Títí di báyìí, ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló ń jí mi lóru. Lálẹ́ ọjọ́ náà, èèyàn mẹ́ta nínú àwọn tó ń dá àjọ lọ́dọ̀ mi wá gba owó wọn. Mo kà á fún kálukú, n kò wí nǹkan kan. N kò jẹ kọ́bọ̀. Rìsíìtì bíríkì, ti sìmẹ́ǹtì àti ti bírìkìlà wà nínú fáìlì hẹdimáàsì títí dòní. Ṣùgbọ́n ta ló rí fáìlì náà rí?

Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí léegun jù nìyí: ẹ fi ẹnu pe òbí. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a ní ìsọ̀ rẹ̀, ẹ kí i, ẹ béèrè ọmọ rẹ̀, kí ẹ tó sọ pé ìpàdé wà. Aláta tó jí ní ìdájí lọ já ata kò ní torí pépà pa ọjà tì. Ẹnì kan ní ká fi sórí WhatsApp, ó ti tó. WhatsApp dára, ṣùgbọ́n fóònù ìyá aláta kò gbé e.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà nínú ẹ̀. Aago mẹ́wàá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ta ló fẹ́ wá? Àwọn kan á ní òbí ilé ìwé ìjọba kò bìkítà. Ó ń dùn mí, torí èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Láti 1955 tí Awólọ́wọ̀ ti mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá sí Ìwọ̀ Oòrùn, ó ti mọ́ wa lára pé ti ìjọba ni. Ẹni tí wọn ò bá wá bi ní nǹkan á gbà pé kò kan òun. Bẹ́ẹ̀ òfin UBE ti 2004, ìyẹn òfin ẹ̀kọ́ ìpilẹ̀ fún gbogbo ọmọ, sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rán ọmọ lọ sílé ìwé. Ẹni tí òfin kàn nípá bẹ́ẹ̀ yẹ kó lẹ́nu nínú ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ìnáwó ńkọ́? Ẹ kà á sókè, ní Yorùbá, kí wọ́n tó bi yín. Ká ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá pè mí ní olè? Ẹ bi àwọn ọmọ náà. Aṣojú wọn jókòó sí ìpàdé àkọ́kọ́ yẹn, ọmọbìnrin ni, kò sẹ́ni tó yíjú sí i.

Ìpàdé kejì, ọjọ́ Àìkú aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi í sí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ààfáà kéde lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pásítọ̀ kéde, àwọn mẹkáníìkì gbọ́. Èèyàn tó wá lé ní 120. A kọ ìnáwó sára pátákó, mo kà á lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦95,000 ló kù. Wọ́n nawọ́ fún ṣáláńgá. Òbí kan já yanrìn, bírìkìlà mẹ́ta tí ọmọ wọn wà níbẹ̀ kò gba owó iṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi parí rẹ̀.

Ìyá aláta kò tíì bẹ̀ mí, n kò sì retí rẹ̀. Ó ti wà nínú ìgbìmọ̀ báyìí. Kànga la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ Ajé la ti ń pe èèyàn: òun mú ìlà àwọn aláta, èmi mú ti àwọn elélùbọ́ àti ti àwọn ẹlẹ́wà.