Owó Òógùn Màmá, Owó Ìfẹ̀yìntì Gómìnà

Ọjọ́bọ̀, Àkúrẹ́

Aago márùn-ún àárọ̀ kò tíì lù tí Màmá ti kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ bùbá àti ìró aláwọ̀ búlúù tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìpàdé àwọn tísà, wọ́n sì ti kó gbogbo ìwé wọn sínú láílọ́ọ̀nù dúdú kan. Òní ni wọ́n ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì wá ṣe fẹrifikéṣọ̀n, ìyẹn ni pé kí wọ́n wá fi ojú ara wọn hàn pé àwọn ò tíì kú.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Ọjà Ọba, ètò kan ń lọ lọ́wọ́ lórí rédíò. Ṣé ó yẹ kí olóṣèlú tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi pé ó jí owó ìlú ṣì máa gba owó ìfẹ̀yìntì? Ọ̀rọ̀ ẹni tó pè wọlé kò tíì délẹ̀ tí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ fi yí i sí orin. Ṣùgbọ́n Màmá ti gbọ́, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí ìlà.

Ẹni kẹtàdínlógójì ni wọ́n nínú ìwé tí àwọn àgbà fúnra wọn fi bírò kọ. Ìyá kan gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ wá láti Òkè-Àró. Bàbá kan tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sùn lọ, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló dúró sípò rẹ̀. Bàbá tó wà níwájú wa, akọ̀wé ìjọba ni wọ́n nígbà ayé iṣẹ́ wọn, àwọn ló kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbà á, Ìyá Tísà. Òfin ló fún wọn. Tí ìjọba bá fi ọwọ́ kan ti gómìnà lónìí tí a pàtẹ́wọ́, ti èmi àti ẹ̀yin ló máa kàn lọ́la."

Màmá ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tiwa, akọ̀wé tó bá fọwọ́ kan owó ìjọba tí wọ́n lé e dànù, ṣé ó ń rí kọ́bọ̀ gbà?"

Bàbá ò fèsì fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún wa nípa káṣíà kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Owó tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ra alùpùpù kan. Wọ́n lé e dànù, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n náà sì bá a lọ. Kẹrosíìnì ló ń tà títí ó fi kú. Bàbá ní àwọn máa ń lọ ra gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣooṣù, kódà nígbà tí kẹrosíìnì bá ṣì wà nílé.

Òótọ́ ni. Ó wà nínú ìlànà iṣẹ́ ọba: òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá lé dànù ti pàdánù ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ̀, àyàfi èyí tí òfin ìfẹ̀yìntì tuntun bá dáàbò bò. Káṣíà ni òfin yẹn mọ̀. Nígbà tí a délé, mo ṣí ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 láti wo ohun tó sọ nípa gómìnà. Abala 124 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣe òfin tí yóò máa fún gómìnà àti igbákejì rẹ̀ ní owó ìfẹ̀yìntì. Ẹnì kan ṣoṣo ló yọ sílẹ̀, ẹni tí ilé ìgbìmọ̀ bá yọ nípò. Ẹni tó parí sáà rẹ̀ pẹ̀lú ìlù àti ijó, tí àṣírí wá tú lẹ́yìn náà, tí adájọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n, abala yẹn kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì wà. Jolly Nyame ṣe gómìnà Taraba, Joshua Dariye ṣe ti Plateau. Àwọn méjèèjì kúrò nípò ní 2007, ọdún 2018 ni adájọ́ tó dá wọn lẹ́bi, ó sì rán wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. Sẹ́nétọ̀ ni Dariye ṣì jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dín in kù sí ọdún méjìlá fún Nyame, mẹ́wàá fún Dariye. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ forí jì wọ́n, wọ́n sì jáde. Káṣíà ti Bàbá ò rí ẹni forí jì í.

Ohun tí mo ti ń rò láti àárọ̀ ni pé orúkọ kan náà ni a fi ń pe nǹkan méjì tí wọn ò jọra. Owó ìfẹ̀yìntì Màmá, òógùn wọn ni. Ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi mí eruku ṣọ́ọ̀kì, tí wọ́n ń rìn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú òjò. Lábẹ́ òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014, òṣìṣẹ́ ń yọ náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sọ́tọ̀, agbanisíṣẹ́ ń fi mẹ́wàá kún un. Owó oṣù tó ti ṣiṣẹ́ fún ni, wọ́n kàn bá a tọ́jú rẹ̀ ni. Bí olóṣèlú kan bá ti ṣe tísà fún ọdún méjìlá kó tó di gómìnà, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gba owó ọdún méjìlá yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, ì báà jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ti ń gbà á.

Ti gómìnà yàtọ̀. Ẹni tó lo ọdún mẹ́rin tàbí mẹ́jọ ni. Òfin tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 2007 fún gómìnà tẹ́lẹ̀ ní ilé kan ní Èkó, òmíràn ní Abuja, àti ọkọ̀ tuntun ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé òógùn ọdún mẹ́jọ nìyẹn. Ìlú ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bójú tó o. Kí wá ni ìlú yóò máa dúpẹ́ fún lọ́wọ́ ẹni tó jà á lólè? Zamfara tiẹ̀ fagi lé òfin tirẹ̀ pátápátá ní 2019, ìyẹn náà sì dùn mọ́ mi.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n mọ bí a ṣe ń ya méjèèjì sọ́tọ̀. Wọ́n dá George Ryan, gómìnà ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, lẹ́bi ìwà ìbàjẹ́ ní 2006. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lé ní 190,000 dọ́là lọ́dún. Ó rojọ́ pé kí wọ́n fi apá kan sílẹ̀ fún òun, nítorí àwọn ipò tí òun ti dì mú kí òun tó dé ibi tí òun ti ṣẹ̀. Ní 2010, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ níbẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ ló lọ. Ṣùgbọ́n èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá láti inú owó oṣù rẹ̀, ó lé ní 235,000 dọ́là, wọ́n dá a padà fún un. Mo ka èyí sí Màmá létí. Wọ́n ní, "Ìyẹn dáa. Kí wọ́n má jẹ òógùn olè pàápàá."

Síbẹ̀ mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá sẹ́yìn. Kí ìlà tó sún kàn wọ́n, wọ́n bi wá pé ṣé a ti gbàgbé Ajasin. Adekunle Ajasin, gómìnà Ondo láti 1979 sí 1983: àwọn ológun tì í mọ́lé, wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ tí àwọn fúnra wọn dá sílẹ̀, wọn ò rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀. Ní Àkúrẹ́ níbí, ní 2015, kò pẹ́ tí Ali Olanusi fi PDP sílẹ̀ lọ sí APC ni ilé ìgbìmọ̀ yọ ọ́ nípò igbákejì gómìnà. Ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ní ìyọnípò náà kò bófin mu. Ìyọnípò tí abala 124 gbójú lé, àwọn olóṣèlú ló ń fi gbógun ti ara wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kó jẹ́ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ni yóò gba owó náà, lẹ́yìn tí ẹjọ́ bá ti dé òpin. Wọ́n dá Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, lẹ́bi ní December 2019. Kó tó pé oṣù mẹ́fà, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ti fagi lé e, nítorí adájọ́ tó dá ẹjọ́ náà ti gba ìgbéga kúrò ní ilé ẹjọ́ tó ti ń gbọ́ ọ kó tó dá a. Ní àsìkò bẹ́ẹ̀, kí wọ́n dá owó náà dúró síbì kan. Kí ó má kúrò níbẹ̀, kí ó má sì dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ìyàwó àti ọmọ olóṣèlú náà yóò jẹ. Káṣíà yẹn náà ní ìyàwó àti ọmọ.

Aago méjì kọjá kí wọ́n tó pe Màmá sójú wíńdò. Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ ṣí fáìlì, ó wo ìwé tí Màmá fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n gbà wọ́n síṣẹ́ ní 1984, ó wo èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lónìí. Ó ní wọn ò bára mu. Láti ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ọ̀tún Màmá ti ń gbọ̀n. Mo ṣàlàyé títí, kò sí àyípadà. Wọ́n ní kí a padà wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Màmá ò bínú níbẹ̀. Nínú kẹ̀kẹ́ tá a fi ń bọ̀ wálé, wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Bí mo ṣe ń kọ èyí, wọ́n wà nídìí tábìlì ní pálọ̀, iná ò sí, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Wọ́n ti ya ewé méjì láti inú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ mi. Wọ́n ń kọ orúkọ wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní 1984, lẹ́tà àkọ́kọ́ tí ìrù rẹ̀ yí sábẹ́ gbogbo ìyókù, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú kó má baà gbọ̀n. Ewé kìíní ti kún. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí pé èwo ló jọ ti àtijọ́ jù nínú wọn.