Ẹ̀jẹ́ Tí Mo Jẹ́ Lójú Ọ̀nà Balladonia

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin tí ẹ dáwó àti ẹ̀yin tí ẹ ń dárúkọ mi nínú àdúrà, mo kí yín tọkàntọkàn. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga. Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Un lójú títì pé bí Ó bá mú mi dé Balladonia, ibùdó kan lójú títì aṣálẹ̀ Ọsirélíà, láàyè, mi ò ní fi í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Gbangba ni màá ti sọ ọ́. Ẹ̀jẹ́ yẹn ni mo wá san.

Àwọn kan nínú yín ò mọ ohun tó gbé mi dé aṣálẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi lóyún ọmọ wa obìnrin, ìlú kékeré kan tó jìnnà sí Perth là ń gbé nítorí iṣẹ́. Oyún náà pé oṣù méje, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lóru. Ilé ìwòsàn tó lè gba irú rẹ̀, ìrìn wákàtí mélòó kan ni nínú mọ́tò. Bàálù Royal Flying Doctor Service ló wá gbé e. Wọ́n balẹ̀ ní Jandakot, pápá ọkọ̀ òfuurufú kan ní Perth, ilẹ̀ sì mọ́ bá ìyá àti ọmọ láàyè. Láti ọdún 1928 tí John Flynn ti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ni wọ́n ti ń fò lọ bá àwọn tí dókítà jìnnà sí ní Ọsirélíà, ọrẹ tí àwọn èèyàn ń dá sì wà lára ohun tó ń gbé bàálù wọn kúrò nílẹ̀. Mo sọ fún ìyàwó mi pé ẹsẹ̀ mi ni màá fi dúpẹ́. Màá rìn láti Ceduna dé Norseman, nǹkan bíi kìlómítà 1,200, kí n fi tọrọ owó fún wọn.

Mo wá kẹ̀kẹ́ pupa onítáyà mẹ́ta kan, irú èyí tí àwọn òbí fi ń ti ọmọ kiri, mo kó àgọ́, oúnjẹ àti omi sínú rẹ̀, mo sì bọ́ sọ́nà ní ìparí oṣù Kẹjọ. Oore tí mo rí ní apá àkọ́kọ́ kò kéré. Mo dúró lórí òkè etí òkun ní Head of Bight, mo wo àwọn àbùùbùtán pẹ̀lú ọmọ wọn nínú omi nísàlẹ̀. Mo sùn ní Eucla, níbi tí iyanrìn ti bo ilé wáyà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1877, tó jẹ́ pé ògiri díẹ̀ ló kù tó yọrí. Madura, Cocklebiddy, Caiguna: gbogbo wọn ni mo dé, gbogbo wọn ni mo sì kúrò ní àlàáfíà. Ní Caiguna wọ́n ní kí n dá aago mi padà sẹ́yìn ní ìṣẹ́jú 45, torí pé àwọn ará ibẹ̀ ní àkókò tiwọn tí kò bá ti Perth mu. Mo dá a padà, mo rọ omi kún kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta, lítà mẹ́wàá mẹ́wàá, mo tún fi ìgò kan lé e.

Láti Caiguna dé Balladonia, kìlómítà 182 ni. Kò sí ilé, kò sí ṣọ́ọ̀bù, kò sí ẹ̀rọ omi. Kìlómítà 146.6 nínú rẹ̀ kò ní kọ́nà kankan. Títì náà lọ gbọọrọ bí okùn tí wọ́n fà le, ó ń kéré lọ títí á fi wọnú ojú ọ̀run. Òkúta ẹfun ló wà lábẹ́ Nullarbor, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ tí títì náà là kọjá. Bí òjò bá rọ̀, ńṣe ni ilẹ̀ ń gbé e mì. Ẹ ò ní rí odò kan kó máa ṣàn lójú rẹ̀. Mo mọ èyí kí n tó dé ibẹ̀. Mo kà á, mo sì rò pé mo ti gbọ́ ọ yé.

Ọjọ́ kejì ni ooru ṣàdédé dé, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti àríwá. Omi tí mo ṣírò fún ọjọ́ kan, mo ti mu ún tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ kẹta, mo ti rin kìlómítà 105, ó ku 77, kẹ́ẹ̀gì méjì sì ti gbẹ. Ọkàn mi balẹ̀ nítorí ẹ̀kẹta, torí ó kún dẹ́nu. Mo gbé e dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ kí afẹ́fẹ́ má baà bì í ṣubú, mo sì sùn.

Ìdérí rẹ̀ ti là. Bóyá nígbà tí mo gbé e bọ́ sílẹ̀ ni, bóyá ó ti là tẹ́lẹ̀, mi ò mọ̀ títí di òní. Ohun tí mo bá ní òwúrọ̀ ni kẹ́ẹ̀gì tó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi bíi páálí òfìfo, àti ibì kan nílẹ̀ tó dúdú díẹ̀, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Omi lítà mẹ́wàá! Àwọn èèrà ti yí i ká, wọ́n fẹnu mọ́ ilẹ̀ tútù náà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ìka gbẹ́ ẹ. Kò jìn tó ìka kan tí mo fi kan ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìgò kan ṣoṣo ló kù, kò sì pé lítà méjì. Mo rántí Edward John Eyre, òyìnbó arìnrìn-àjò àtijọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ̀nà náà. Ní ọdún 1841 tí òun àti Wylie, ọ̀dọ́mọkùnrin Aborigine, ìyẹn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà, tí kò fi í sílẹ̀ títí dópin, ń la ibẹ̀ kọjá, kànrìnkànrìn ni ó fi ń gbá ìrì lórí koríko láàárọ̀. Mo bọ́ aṣọ ìnujú mi, mo fi nu ara àgọ́. Ẹnu méjì péré ni mo fún jáde níbẹ̀, ó ń rùn bíi rọ́bà. Mo gbé e mì tọpẹ́tọpẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan níbí. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ á wá. Mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo rò ó pé bàálù àwọn dókítà yẹn gan-an tí mo ń tọrọ owó fún ni wọ́n lè gbé wá nítorí mi. Lójú ọ̀nà kan náà ni mo ti kọjá ibi tí wọ́n kun títì ní ìlà funfun gbọọrọ-gbọọrọ kí bàálù wọn lè rí ibi balẹ̀ sí, mo sì ti ya fọ́tò níbẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Ojú tì mí. Ìgbéraga ni, mo sì ń sọ ọ́ síta kí ẹlòmíràn tó ń múra ìrìn báyìí má baà ṣe é. Ẹ tẹ bọ́tìnnì yín.

Mo ní màá dá ọkọ̀ dúró. Ẹ̀yin tí ẹ ti wakọ̀ gba Nullarbor kọjá mọ̀ pé àwọn èèyàn máa ń juwọ́ síra wọn níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ìka kan péré ni wọ́n gbé sókè lórí ìdarí ọkọ̀. Mo juwọ́ sí ọkọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n juwọ́ padà, wọ́n kọjá. Èkejì fọn fèrè kí mi, ọmọ kan rẹ́rìn-ín sí mi láti ẹ̀yìn gíláàsì. Ẹ̀kẹta náà juwọ́. Inú rere ni gbogbo wọn fi kí mi, wọn ò sì mọ̀ pé ẹ̀mí mi ni mo ń bẹ̀ fún. Lẹ́yìn ìyẹn, títì dá wáí.

Mo rìn bíi kìlómítà méjìlá lọ́jọ́ náà kí omi tó tán. Ètè mi ti lẹ̀ mọ́ eyín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan tó ń dán lórí títì bí adágún, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe omi, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń yára lọ bá a. Nígbà tó yá, òógùn ara mi dáwọ́ dúró, òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú mi lábẹ́ oòrùn yẹn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Mo bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn mi, mo kúnlẹ̀ sí etí títì, mo sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí mo wá san lónìí.

Mo gbọ́ ọ kí n tó rí i. Tírélà gígùn kan ni, èyí tó fa ẹrù méjì tẹ̀léra. Mo fi ẹ̀wù náà júwe sí i pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, mo ń ju ú sókè sódò. Ó kọjá mi. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé mi ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbórí sókè, mo rí i pé iná pupa ẹ̀yìn rẹ̀ ń tàn. Ó ń dúró ni. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò rọrùn láti dá a dúró. Ó lọ jìnnà kó tó lè dúró pátápátá. Ni mo bá rí bàbá arúgbó kan tó ń sáré bọ̀ lórí títì, kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ búlúù ń gbá a lẹ́sẹ̀.

Kò jẹ́ kí n gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́nu. Ó da omi sí ọrùn mi àti abẹ́ apá mi ná, lẹ́yìn náà ló fi ìdérí kékeré bu díẹ̀ fún mi. "Rọra. Mu ún. Dúró. Ó tún yá." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe mí bí ọmọ ọwọ́. Ó ní kí n wọkọ̀. Mo ní, "Bàbá, mo ṣèlérí pé ẹsẹ̀ ni màá fi dé ibẹ̀." Ó wò mí títí. Ó ní kí n jókòó sábẹ́ ìbòòji tírélà òun, pé bí mo bá tọ̀ tí ìtọ̀ náà mọ́, òun á fi mí sílẹ̀, bí kò bá mọ́, òun á gbé mi tipátipá. Ó lé ní wákàtí méjì tó fi jókòó tì mí, iṣẹ́ rẹ̀ sì wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Nígbà tí ó rí i pé mo lè dìde, ó gba inú ọkọ̀ lọ, ó gbé rédíò, ó sì sọ lórí ìkànnì 40 tí àwọn awakọ̀ tírélà ń lò pé: ẹnì kan ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Balladonia, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa, ẹ má kọjá rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fún un lómi. Ó fi kẹ́ẹ̀gì búlúù náà sílẹ̀ fún mi. Mi ò rántí bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ wo ohun tí Olúwa ṣe. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà, omi ni mo ń bá lójú ọ̀nà. Mo máa rìn díẹ̀, màá rí ìgò lábẹ́ òpó tí wọ́n kọ iye kìlómítà sí, wọ́n ti fi òkúta tì í kí ó má baà yí lọ. Ìgò kan dì, yìnyín ṣì wà nínú rẹ̀. Mo gbé e mọ́ àyà, mo sunkún. Òmíràn ní bébà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, ọmọdé ló ya àwòrán ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ sí i. Ọkọ̀ mẹ́fà dúró bèèrè bí mo ṣe wà. Nínú ilẹ̀ tí ń gbé omi mì, Ọlọ́run tẹ́ omi sílẹ̀ fún mi lórí ọ̀dà! Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni ọ̀nà náà kọ́kọ́ yà, mo sì fọwọ́ kan títì níbi tó ti yà náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà ni mo rí iná Balladonia. Ilé epo ni, ilé oúnjẹ àti ibi ìsùn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí n tó ya ẹnu, obìnrin tó wà nídìí káńtà ti ní, "Ìwọ ni ẹni tó ń rìn." Rédíò ti ṣáájú mi dé. Mo pe ìyàwó mi. Kò kí mi, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹ ti mumi?"

Inú ilé yẹn ni wọ́n ti kó àwọn àfọ́kù Skylab pa mọ́ fún àwọn arìnrìn-àjò láti wò. Ibùdó tí Amẹ́ríkà gbé sójú òfuurufú ní ọdún 1973 ni, ìwọ̀n rẹ̀ tó tọ́ọ̀nù 77, ikọ̀ mẹ́ta sì ti gbé inú rẹ̀ rí. Ní oṣù Keje ọdún 1979 ló já bọ́, tó fọ́ká lójú òkun àti láàárín Esperance sí apá ibi tí mo dúró sí yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Esperance bu owó ìtanràn 400 dọ́là lé NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, nítorí pé wọ́n da ìdọ̀tí sílẹ̀, ó sì di ọdún 2009 kí àwọn olùgbọ́ rédíò kan ní Amẹ́ríkà tó dá owó náà jọ san. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń ya fọ́tò. Èmi, mo dúró síwájú irin tó ti jóná yẹn, mi ò lè kúrò. Irin tó wọ̀n tó báyẹn já láti òkè, kò ba ẹnikẹ́ni! Ohun tí mò ń sọ lọ́kàn ni pé Ẹni tó ka orí gbogbo ará ibí lóru ọjọ́ náà, Òun náà ló ka orí tèmi. Mo wólẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú bàtà mi tó kún fún eruku, mo yin In.

Mo sinmi ọjọ́ méjì, mo ra kẹ́ẹ̀gì tuntun, mo sì rìn dé Norseman láìséwu. Owó tí ẹ dá ti tẹ àwọn dókítà náà lọ́wọ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ̀yin náà kò ní pòǹgbẹ.

Kẹ́ẹ̀gì búlúù náà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn wa ní Perth, mi ò fọ eruku ara rẹ̀. Lálaalẹ́, bí a bá ń ka orúkọ àwọn èèyàn wa nínú àdúrà, ọmọ mi kì í jẹ́ kí n ṣe àmín kó tó fi ti ẹnì kan kún un. Bàbá Olómi ló ń pè é.