Kẹ́ ẹ tó sanwó Ìjàpá tàbí Morris Minor

Tẹ́ ẹ bá ń wá mọ́tò àtijọ́ tẹ́ ẹ ó máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ní Òṣogbo, Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ni kẹ́ ẹ rà. Sítíárìn Morris Minor fúyẹ́ lọ́wọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, àmọ́ wọn ò ṣe é mọ́ láti 1971. Ìjàpá ní tiẹ̀, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó l'Ékòó ní 1975, torí náà mẹkáníìkì tó mọwọ́ rẹ̀ kò wọ́n. Ohun tí mo kọ́ nídìí méjèèjì ni pé kéèyàn má wo ọ̀dà; abẹ́ mọ́tò ni kẹ́ ẹ wò.

Tó bá jẹ́ Minor lọkàn yín fà sí, ẹ fi jáàkì gbé iwájú rẹ̀, ẹ di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ mì ín. Tó bá ń ta gbọ̀ngbọ̀n, trunnion ìsàlẹ̀, irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ abẹ́ mọ́tò, ti jẹ nìyẹn. Tíréèdì ló fi di ara rẹ̀ mú, bíi nọ́ọ̀tì àti bóòtì. Tí gírísì bá tán níbẹ̀, eruku á lọ̀ ọ́ kúnná, ọjọ́ tó bá yọ, táyà á ṣẹ́ sábẹ́ mọ́gáàdì. Ní gbogbo 1,600 kìlómítà, ẹ fa gírísì sí i títí tí tuntun á fi máa yọ jáde. Ẹ sọ fún rìwáyà pé pósítíìfù bátìrì ló wà lára bọ́dì, kó má baà so ó sódì. Omi bíréèkì ńkọ́? Abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ awakọ̀ ni ìdérí rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ kì í ṣí i rárá.

Atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, ọ́ìlì rẹ̀ ò sì ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Asẹ́ wáyà lásán ló ní, kò ní fílítà, nítorí náà mi ò ní jẹ́ kó kọjá 2,500 kìlómítà lásìkò ọyẹ́ kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì náà. Fáńbẹ́ẹ̀tì kan náà ló ń yí jẹnẹrétọ̀ àti fáànù. Tí iná pupa jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ní Ọláìyá, bẹ́ẹ̀tì lè ti já, fáànù ò sì ní tu ẹ́ńjìnnì mọ́; ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbẹ̀, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ rọra dé Òkè-Fìà. Sípánà 21 àti súkúrúdiráfà tó láti fi pààrọ̀ bẹ́ẹ̀tì náà. Púlì náà pín sí méjì: ẹ yọ wáṣà kan láàárín rẹ̀ sí ìta tí bẹ́ẹ̀tì bá dẹ̀, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó wọlé bíi 15 mm.

Ẹ gbé àga ẹ̀yìn sókè, ibẹ̀ ni bátìrì wà, ásíìdì rẹ̀ sì ń jẹ irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Rọ́bà epo tó gba orí ẹ́ńjìnnì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí tó bá ti le tó sì ń kán epo sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, iná ló máa ń dá.