Ṣúgà aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

Mo ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mọ́kànlá kí n tó mọ̀ pé ṣúgà àárọ̀ kùtù lè purọ́ fúnni.

Màmá kan ló kọ́ mi. Awọ ara wọn ń lé ròrò, ó ń bẹ́, ó ń ṣomi, ni wọ́n fi gbé wọn wá sí wọ́ọ̀dù wa n'Ìbàdàn. Wọ́n ti lé ní ẹni ọdún 65, wọn ò ní àtọ̀gbẹ rí. Dókítà kọ prednisolone, oògùn sítẹ́rọ́ìdì kan, 40 mg fún wọn, kóró mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. A mọ̀ pé sítẹ́rọ́ìdì máa ń gbé ṣúgà sókè, nítorí náà à ń gún wọn níka lójoojúmọ́ ní aago mẹ́fà, kí wọ́n tó fi nǹkan kan ẹnu. Ọjọ́ kìíní, 98. Ọjọ́ kejì, 104. Ọjọ́ kẹta, 101. (mg/dL ni mo ń kà. Ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ bá ń ka mmol, kí ó fi 18 pín in.) Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ "ó dáa" sínú ṣáàtì.

Lọ́jọ́ kẹrin, iṣẹ́ ọ̀sán ni mo wá ṣe. Ìgò omi mẹ́ta ti ṣófo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì ọmọ mi, bá mi gbé póò sún mọ́ mi, ìtọ̀ ò jẹ́ n sinmi." Mo gún wọn níka ní aago mẹ́rin: 376. Mo tún un gún, mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. 381.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí rèé. Tí èèyàn bá gbé prednisolone mì láàárọ̀, agbára rẹ̀ á máa le sí i títí di ọ̀sán. Etí ara á di sí ínsúlínì tó wà nílẹ̀, èyí tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ náà á máa tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán á wá bá a níbẹ̀. Láti ọ̀sán títí di alẹ́ ni ṣúgà fi ń ga jù. Tó bá di òru, agbára oògùn náà ti rọ̀, ṣúgà á sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ilẹ̀ á mọ́, àwa nọ́ọ̀sì á wá gún ìka, a ó ní ó dáa. Àsìkò tí olè ti sùn là ń ṣọ́ ilé.

Dókítà tó wà lórí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà kọ glargine, ínsúlínì tó ń ṣiṣẹ́ fún odidi ọjọ́ kan, 20 yúnìtì ní aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n fún Màmá bẹ́ẹ̀ fún òru méjì. Òru kejì, èmi ni mo gún un. Mi ò bèèrè ohunkóhun. Ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí, aṣọ tí Màmá fi bora ti rin gbindin fún òógùn, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, orúkọ ọmọ wọn tó wà l'Ékòó ni wọ́n fi ń pè mí. Ṣúgà wọn jẹ́ 46. A sáré fa dextrose 50% (omi ṣúgà), 50 ml, sí iṣan wọn. Ojú wọn là kí n tó yọ abẹ́rẹ́ tán, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èmi ò dúró títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìgbà tí sítẹ́rọ́ìdì ti rọ̀ ni ínsúlínì wa ṣì ń jà, kò sì rí ẹni bá jà mọ́.

Dókítà àgbà tó ń rí sí àtọ̀gbẹ ló tún un ṣe. Ó yọ glargine, ó kọ NPH, ínsúlínì funfun bíi ògì yẹn, ó ní kí a máa gún un ní aago mẹ́jọ pẹ̀lú prednisolone gan-an. Oògùn àtijọ́ ni, láti 1946, kò sì wọ́n tó àwọn tuntun. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́jọ lẹ́yìn tí a bá gún un ni agbára rẹ̀ máa ń le jù, òun náà á sì rọ̀ kí òru tó jìn. Òun àti prednisolone jọ jáde nílé, wọ́n á sì jọ wọlé.

Ìṣirò tí wọ́n máa ń lò ni pé prednisolone 10 mg kọ̀ọ̀kan gba 0.1 yúnìtì fún kílò kan ara aláìsàn, tó bá ti di 40 mg sókè, kí ó má kọjá 0.4. Màmá wọn 60 kílò, ìyẹn ì bá jẹ́ 24. Dókítà ò fún wọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti dàgbà, ṣúgà wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni, ó fi 12 bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó sọ ọ́ di 16, ṣúgà aago mẹ́rin sì bọ́ sí 170 àti díẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa náà, díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ má sì mi ìgò NPH jìgìjìgì o. Àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni kí ẹ ti yí i títí yóò fi funfun dọ́gba. Mo ti rí ẹni tó fa omi tó dá lókè nìkan.

Nípa ti ká máa dúró kí ṣúgà ga ká tó fún aláìsàn ní soluble, ínsúlínì tó ń tètè ṣiṣẹ́, tó bá wálẹ̀ ká fi í sílẹ̀, èmi ò fara mọ́ ọn mọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan la gbójú lé. Ìgbà tí eku ti jẹ èlùbọ́ tán là ń dẹ pańpẹ́.

Dẹ́sà, ìyẹn dexamethasone, sítẹ́rọ́ìdì mìíràn, yàtọ̀. Agbára rẹ̀ lè kọjá wákàtí 36, nítorí náà ṣúgà àárọ̀ pàápàá kì í wálẹ̀ bọ̀rọ̀, NPH ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ lè má tó o. Nígbà kòrónà tí a ń fún àwọn èèyàn ní 6 mg lóòjọ́, bíi prednisolone 40 mg náà nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra dẹ́sà lọ́dọ̀ kẹ́mísítì kí ẹ lè sanra, ẹ gbọ́ o, oògùn kan náà ni.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti ìgbà tí aláìsàn bá ń lọ ilé. Ìwé prednisolone á sọ pé 40 fún ọ̀sẹ̀ yìí, 30 fún èyí tó ń bọ̀, lẹ́yìn náà 20. Ìwé ínsúlínì á dúró sójú kan. Bàbá kan lọ ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n fi gbé wọn padà, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Wọ́n ti dé 20 mg, ínsúlínì ti 40 ni ìyàwó wọn ṣì ń gún fún wọn, bí a ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lọ́jọ́ tí sítẹ́rọ́ìdì bá dín kù ni kí ínsúlínì dín kù: tí 40 bá di 30, à ń yọ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó ti ní àtọ̀gbẹ tẹ́lẹ̀ lè má bọ́ nínú rẹ̀ pátápátá, ẹni tí ara rẹ̀ kò sì pèsè ínsúlínì rárá kò gbọ́dọ̀ dá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ṣúgà já prednisolone tó ti lò fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lójijì. Ara lè dákú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Fún Màmá, ojú ewé kan ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí: ọ̀sẹ̀, prednisolone, ínsúlínì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo sọ fún ọmọ wọn pé kí ó máa gún wọn níka kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, àti kí wọ́n tó sùn. Tí strip tí ẹ̀rọ fi ń ka ṣúgà ò bá tó, kí ó má fi ti ìrọ̀lẹ́ ṣeré. Tó bá wálẹ̀ ju 70 lọ, kóró ṣúgà mẹ́rin sí márùn-ún nínú omi, kí ó tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.

Nígbà tí wọ́n padà wá, prednisolone ti di 5 mg, a ti yọ ínsúlínì, ṣúgà ìrọ̀lẹ́ jẹ́ 121. Wọ́n gbé kúlà kékeré kan lé mi lọ́wọ́, áìsì wà nínú rẹ̀, ìgò ínsúlínì tó kù wà lórí áìsì. "Fún ẹlòmíì, ọmọ mi, owó ńlá ni." Ìgò náà ti lé ní oṣù méjì tí wọ́n ti ṣí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúró kí wọ́n kọjá géètì, kí n tó lọ dà á nù.