Alẹ́ tí mo wo Joshua àti Klitschko ní Wembley

Ọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ìjà ẹ̀ṣẹ́ náà ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ṣì ń bí mi. Arákùnrin tó tà á fún èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi búra lórí fóònù pé a ó máa rí òógùn ojú Anthony Joshua láti ibi tí a bá jókòó sí. Ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n kọ sára tíkẹ́ẹ̀tì ló gbà lọ́wọ́ wa. A dé pápá ìṣeré Wembley ní London, a gun àtẹ̀gùn títí, ó ku díẹ̀ kí orí wa kan òrùlé kí a tó dé ìdí ìjókòó wa. Ring, ibi tí wọ́n ti ń jà, kéré nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún bíi páálí ìṣáná. Ọ̀kan nínú àwọn òpó irin tó gbé ìbòrí ring dúró tún wá dí igun kan mọ́ wa lójú. Ẹ̀gbọ́n wo ring, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Òógùn ojú tí wọ́n ní a máa rí dà?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo ìjà ńlá, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá lè sọ nọ́mbà blọ́ọ̀kù àti ìlà ìjókòó yín kó tó gbowó. Àwòrán ibi tí blọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan wà ní pápá náà kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi wé ohun tó bá sọ. Bó bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, ẹ pa fóònù.

Ìrìnàjò fúnra rẹ̀ láti Manchester kò ní wàhálà. Ọjọ́ Sátidé ni, 29 April 2017. A wọ reluwé dé London, a wọ ti abẹ́ ilẹ̀ dé Wembley Park, a sì jáde sí ọ̀nà gbọọrọ tó lọ tààrà sí pápá. Ibẹ̀ ni inú mi ti kọ́kọ́ dùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló fi àsíá Nàìjíríà bora, àwọn kan ń pariwo "Ọmọ Ṣàgámù!" bí wọ́n ṣe ń lọ. Lóòótọ́, Watford ni wọ́n bí Joshua sí ní 1989, àmọ́ Ṣàgámù ni ìdílé rẹ̀ ti wá, kò sì fi pa mọ́ rí.

Oúnjẹ inú pápá tún bà mí lọ́kàn jẹ́. A tò fún bọ́gà tó ti tutù, owó tí wọ́n gbà lórí méjì tó oúnjẹ gidi fún èèyàn mẹ́rin. Mo ra omi, obìnrin tó ń tajà ṣí ìdérí rẹ̀, ó jù ú sínú garawa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó wá gbé ìgò tó ṣí sílẹ̀ fún mi. Ó ní òfin ni, kí ẹnikẹ́ni má baà ju ìgò olómi sínú èrò. Mo gba òfin gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ṣe fi ọwọ́ kan di omi mú, tí a fi ọwọ́ kejì di oúnjẹ mú, tí a ń kọjá lórí ẹsẹ̀ àwọn tó ti jókòó. Ẹ yó kẹ́ ẹ tó wọlé.

Àwọn ìjà ìṣáájú kọjá wẹ́rẹ́, ọ̀pọ̀ ìjókòó ṣì ṣófo nígbà yẹn. Katie Taylor, ọmọ Ireland, ló fi ẹ̀ṣẹ́ hàn wá jù nínú wọn.

Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, nǹkan bí 90,000 ènìyàn ti kún ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìjà yìí kì í ṣe kékeré. Wladimir Klitschko, ọmọ Ukraine, ẹni ọdún 41, ti gba góòlù Òlíńpíìkì ní Atlanta ní 1996, nígbà tí Joshua ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Láti 2006 ló ti di oyè àgbáyé ti àwọn abẹ̀ṣẹ́ tó wúwo jù mú, kó tó di pé Tyson Fury, abẹ̀ṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2015. Joshua, ẹni ọdún 27, gba góòlù tirẹ̀ ní London ní 2012. Ìjà 18 ló ti jà láti ìgbà tó ti ń jà fówó, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn 18 tó bá a parí ìjà lórí ìdúró.

Abala mẹ́rin àkọ́kọ́, ojú tẹlifíṣàn gàgàrà ni a ń wò. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ì bá jókòó sílé wo tàwọn. Ó kù díẹ̀ kí n gbà fún wọn.

Abala karùn-ún ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀ṣẹ́ kò dún dé ọ̀dọ̀ wa lókè. Igbe ló ń dé. Àwọn tó súnmọ́ ring ló ń kọ́kọ́ pariwo, igbe náà á wá máa gòkè bọ̀ láti ìjókòó dé ìjókòó, yóò sì kàn ọ́ láyà. Joshua rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ lé Klitschko lórí, Klitschko wólẹ̀, gbogbo wa dìde. Ọkùnrin náà dìde, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń ja ìjà padà! Kí abala náà tó parí, Joshua ló ń mí gúlegúle.

Ní abala kẹfà, ọwọ́ ọ̀tún Klitschko kan bà á lójú, ọmọ Ṣàgámù balẹ̀ gbì. Obìnrin ọmọ Ukraine kan jókòó tì mí, ó ti fi àsíá rẹ̀ sórí itan láti ìrọ̀lẹ́ láìsọ̀rọ̀. Ó di apá mi mú, ó ń mì mí, ó ń pariwo ní èdè rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lórí, wọ́n ń pe Ọlọ́run. Tèmi ni pé Klitschko fọ̀rọ̀ náà falẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ọmọ náà lọ́wọ́, ó wá lọ ń dọdẹ rẹ̀ títí èémí rẹ̀ fi padà.

Ní abala kọkànlá, Joshua gbé ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún kan láti ìsàlẹ̀, ó bá Klitschko lágbọ̀n, orí rẹ̀ yí sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wólẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló dìde. Nígbà tí Joshua tún há a mọ́ etí okùn, rẹfirí wọ àárín wọn. Mi ò mọ ẹni tí mo dì mọ́. Obìnrin Ukraine náà sunkún, ó nu ojú, ó bọ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, ó ní akọni méjì ni wọ́n.

Tí ìjà bá parí, ẹ má sáré lọ sí ibùdó reluwé. Èrò tò kọjá ibi tí ojú wa ń tó, ọlọ́pàá orí ẹṣin ló ń dá wa dúró ní ìpín ìpín. Reluwé abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Jubilee ń ṣiṣẹ́ mọ́jú láàárọ̀ Sunday, nítorí náà kò sí ohun tó ń lé yín.

Orí ìlà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ti pe bàbá wọn ní Ìjẹ̀bú Òde, wọ́n sì ti wò ó lórí tẹlifíṣàn. Bàbá ní rẹfirí kánjú, pé akọ ni Klitschko, kí wọ́n jẹ́ kó parí rẹ̀ lórí ìdúró. Mo gba fóònù, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kò dá ẹ̀ṣẹ́ kankan padà mọ́." Bàbá ní èmi tí mo jókòó sí òkè ọ̀run, kí ni mo rí? A ń bá a bọ̀ títí ọkọ̀ fi dé. Èmi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà. Rẹfirí yẹn ló ṣe ohun tó tọ́, nígbà tí Klitschko sì kéde ní oṣù August ọdún náà pé òun ti fẹ̀yìn tì, mo tún pe Bàbá.