Ẹyin méje

Thursday, 17 July 2025, Kàbà

Láti àárọ̀ ni mo ti ń máàkì ìwé ẹ̀sáàmù mátíìsì àwọn SS1, òjò ò jẹ́ kéèyàn lè yọ orí síta, ìgbà tí mo dé orí ìwé ọmọ kan mo ro máàkì ẹ̀ pọ̀ ó jẹ́ 27, mo kọ ọ́ sókè mo wá fi bírò sílẹ̀, torí láti Monday ni nọ́ńbà yẹn ti ń lé mi kiri.

Monday yẹn wọ́n ti kéde pé kò síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì nítorí ìsìnkú Buhari, ni mo bá ráàyè jókòó ti fóònù lálẹ́, mo ń wo West Indies àti Ọsirélíà tí wọ́n ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, eré tí wọ́n ti ń fi pákó gbá bọ́ọ̀lù, ní Sabina Park, ní Kingston, Jàmáíkà. Ọsirélíà ti nà wá ní Barbados, wọ́n tún nà wá ní Grenada (mo ń sọ pé "wa", ẹ má dá mi lóhùn), ìkẹta rèé. Àmọ́ nígbà kejì tí Ọsirélíà gbá, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa ti ká wọn mọ́ 121. Alzarri Joseph mú èèyàn márùn-ún, ìyẹn ni pé ó lé wọn jáde, rọ́ọ̀nù (àmì) 27 péré ni wọ́n sì rí gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Shamar Joseph mú mẹ́rin. Tá a bá ro tìgbà àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ohun tó kù fún wa ká tó borí ò ju ká wá 204 lọ. Mo ní ó ti bọ́ sí i lónìí.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí Mitchell Starc ti Ọsirélíà jù, John Campbell tiwa ti lọ. Ìgbà tí bọ́ọ̀lù mẹ́fà máa fi pé èèyàn mẹ́ta ti jáde, wọn ò sì tíì rí rọ́ọ̀nù kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù 15 ni Starc fi mú èèyàn márùn-ún, kò sẹ́ni tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí nínú Tẹ́ẹ̀sì (kíríkẹ́ẹ̀tì tó gùn jù, tó lè gba ọjọ́ márùn-ún), ìgbà tó yá Scott Boland náà tún fi bọ́ọ̀lù mẹ́ta tó tẹ̀ léra mú mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀ parí sórí 27. Èèyàn méje ló gbẹ́yin lọ sílé, bí àwọn ọmọ iléèwé wa ṣe máa ń pe òdo nìyẹn, ẹyin. Nínú gbogbo Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ti ń gbá láyé, 26 tí New Zealand rí lọ́dún 1955 nìkan ló kéré jù ú, ká ní bọ́ọ̀lù kan ò yọ lọ́wọ́ Sam Konstas ọmọ Ọsirélíà ni, a ò bá bá wọn dọ́gba níbẹ̀. Bátìrì fóònù mi ò tíì ju ìdajì lọ tí wọ́n fi parí, èmi tí mo ti lọ yá pawabánkì.

Kí ló kan ọmọ Ọ̀kún kan kíríkẹ́ẹ̀tì? Nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdírì, a ṣì wà lábẹ́ Kwara nígbà yẹn, wọn ò tíì dá Kogi sílẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá fi pákó gbẹ́ bátì, ó ri igi mẹ́ta mọ́lẹ̀, ó ní ẹni tó bá jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan igi yìí ti jáde nìyẹn. West Indies ṣáá ló máa ń rò fún wa. Viv Richards tí kì í dé akoto, táá máa rọra rìn wọlé bí ẹni tó ni pápá. Láti 1980 títí wọ 1995 kò sẹ́ni tó borí wọn nínú sírísì Tẹ́ẹ̀sì kankan. Wọn kì í sì í ṣe orílẹ̀-èdè kan o, Barbados, Jàmáíkà, Trinidad, Guyana, Antigua, kálukú ló ní àsíá tiẹ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì ló kó wọn pọ̀. Ẹ wò ó ná, ká ní Yàgbà, Ìjùmú, Ọ̀wẹ̀, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kó ọmọ mọ́kànlá jọ. Kí wọ́n tó wọ pápá ìjà "ọmọ tiwa dà" á ti bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n bá wá fìdí rẹmi, Ìjùmú á ní ọmọ Yàgbà ló fà á.

Níwọ̀n ìgbà tí bírò pupa ti wà lọ́wọ́ mi, Shamar ni mo kọ́kọ́ máa fún ní máàkì. Abúlé Baracara ló ti wá ní Guyana, ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ débẹ̀, gáàdì ló ń ṣe kó tó di ẹni tí ayé mọ̀. January 2024 ní Brisbane, bọ́ọ̀lù Starc yìí náà ló bà á lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n mú un jáde, ọjọ́ kejì ó padà wá ó mú èèyàn méje, rọ́ọ̀nù mẹ́jọ la fi nà wọ́n, ohun tá ò ṣe nílẹ̀ wọn láti 1997. Òun náà wà lára àwọn tó gbẹ́yin ní Monday àmọ́ iṣẹ́ ẹ̀ kọ́ nìyẹn. Òun, Alzarri, Jayden Seales, àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù, gbogbo wọn yege, n ò ní fi wọ́n jẹ́jọ́.

Àwọn tó ń gbá gan-an lọ̀rọ̀ wà. Brandon King rí 75 ní Grenada, ó mọ̀wé, àmọ́ irú ọmọ tó máa ń ṣe ìbéèrè kan dáadáa táá wá gbórí lé tábìlì ni. Shai Hope, ó wu èèyàn láti wò, rọ́ọ̀nù méjì. Roston Chase tó jẹ́ kápítéènì, ẹyin. Kevlon Anderson, Tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ẹ̀ láyé nìyẹn, ẹyin, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì èèyàn kì í lù ú. Justin Greaves nìkan ló kọjá mẹ́wàá, ó rí 11. Kraigg Brathwaite sì rèé, ó gbá Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ tó pé ọgọ́rùn-ún ní Grenada, wọ́n yọ ọ́ lọ́gán. Lóòótọ́ kò rí nǹkan gidi ṣe, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, n ò ní yọ ọ́, torí ó ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ibẹ̀ gan-an ló ti wọ́ fún wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dúró mọ́, gbogbo wọn fẹ́ fọ́ bọ́ọ̀lù sórí òrùlé. Owó sì wà nínú fífọ́ ọ sórí òrùlé. Nicholas Pooran, ọmọ ọdún 29, June yìí ló ní òun ò gbá fún West Indies mọ́, kò kúkú fi kíríkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, àwọn líìgì tó ń sanwó ló kù. Èmi ò lè bú u. Tíṣà físíìsì wa lọ sí Abuja lọ́dún tó kọjá, títí di òní èmi ni mo ń fi mátíìsì dí àlàfo ẹ̀.

Ká sòótọ́ sá, ìbéèrè náà le. Bọ́ọ̀lù píńkì tí wọ́n ń lò fún eré tó ń wọ alẹ́, ilẹ̀ tó ń ta bọ́ọ̀lù kiri. Ọsirélíà fúnra wọn, nínú gbogbo Tẹ́ẹ̀sì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kò sẹ́ni tó rí ọgọ́rùn-ún, nínú wọn àti nínú wa. Kìkì pé tiwọn a máa tó 60, á tó 70.

Wọ́n ní àjọ kíríkẹ́ẹ̀tì West Indies ti ránṣẹ́ sí Clive Lloyd, Viv Richards àti Brian Lara, àwọn àgbà tó ti gbá fún wa rí, pé kí wọ́n wá ṣèpàdé pàjáwìrì. Ó dáa. Àwa náà máa ń ṣe irú ẹ̀, tí WAEC bá ti fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ wọ́n á pe àwọn tó jáde níléèwé wa látijọ́, wọ́n á dé nínú agbádá, wọ́n á sọ bí àwọn ṣe ń fi àtùpà kàwé, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á lọ.

Mo tún padà sórí ìwé ọmọ yẹn. Ìbéèrè méjì péré ló dáhùn, àmọ́ èyí tó le jù ló gbà tán, kò ṣìṣe kan níbẹ̀. Mo ro máàkì náà lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá mo fo nǹkan. 27 náà ni.

Ìgbà tí òjò dá, Tolú wá bá mi, ó ní "Dádì, eré tẹ́ ẹ wò lọ́jọ́ yẹn, báwo ni wọ́n ṣe ń gbá a?" Mo ri igi mẹ́ta mọ́ ẹ̀yìnkùlé, mo mú pákó, mo fún un ní ọsàn tútù kan, mo ní kó sáré láti ìdí kànga kó jù ú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo dúró bíi Richards, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọsàn yẹn balẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó yọ̀, ó gba abẹ́ pákó kọjá, ó wó igi àárín. Màmá Tolú ń wò wá láti kíṣìnì.

Mo ní èyí ò kà, ó ń dánra wò ni, kó ju òmíràn.